Ojú-Ewé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kọ

Ọdún márùndínlógójì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ wa ní Creaser Cove. Láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, èmi ni olóòtú. Verna Wentzell lorúkọ mi. Ọkọ mi, Aubrey, ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó èbúté. Àwọn apẹja kì í pè é lórúkọ. Ọ̀gákọ̀ ni wọ́n ń pè é, àní àwọn tó dàgbà jù ú lọ.

Obìnrin tó ń bójú tó ìkànnì wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Roslyn Zinck. Ọmọ ìlú wa ni, ṣùgbọ́n ó gbé Toronto fún ogún ọdún kó tó padà wálé nítorí ìyá rẹ̀, Delphine, tí ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í bá wa rẹ́rìn-ín ohun tí kò bá pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, bàbá rẹ̀, Hollis, bá ọkọ̀ ìpẹja kan rì, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ títí dòní. Marion Dee lorúkọ ọkọ̀ náà. Ọkọ mi ló ni ín, òun ló ń wà á lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló sì là á já.

Nítorí náà, nígbà tí mo gba Roslyn síṣẹ́, àwọn kan wò mí títí. Mo ní iṣẹ́ niṣẹ́. Àmọ́ kí n má parọ́, èmi náà máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Tó bá ti dákẹ́ jù, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tó ń rò.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé a ti kó gbogbo ìwé ìròyìn wa láti ọgọ́ta ọdún wá sórí ìkànnì, kí àwọn ará ìlú lè máa wá ohun tó bá wù wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wa ti gbó. Tí ènìyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ kan sí i pé kó bá òun wá a, onítọ̀hún lè lọ gbé omi tíì kaná kó tó dáhùn. Bẹ́ẹ̀, ohun kan náà lọ̀pọ̀ ń wá: bí wọ́n ṣe ń ṣe kábéèjì kíkan, ìjì tó wó ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ họ́kì lọ́dún kan báyìí. Roslyn wá dá ọgbọ́n kan. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ yóò wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá jù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èyí tí wọ́n bá ti wá tó ogójì ìgbà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á wá a lẹ́ẹ̀kan, á to gbogbo ìròyìn tó bá rí ní títẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n jáde, á fi àkọlé lé e lórí, á sì gbé e kalẹ̀ bí ojú-ewé tó dúró gbọn-in. Ẹni tó bá tún bèèrè ohun kan náà á bá a ní sísè sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní láti fọwọ́ kàn án.

Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Fún oṣù méjì, inú gbogbo ayé dùn.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta, nígbà tí yìnyín ti dọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Murdena Knickle tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ pè mí lórí fóònù.

"Verna, ṣé o ti wo ìwé ìròyìn tìrẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ọjọ́rú la máa ń jáde, Murdena."

"Ti orí kọ̀ǹpútà ni mò ń wí. Jókòó kí o tó wò ó, ọ̀rẹ́ mi."

Mo wò ó. Ojú-ewé tuntun kan ti wà níbẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni: Aubrey Wentzell, Hollis Zinck, Marion Dee. Ìròyìn mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1991, Marion Dee rì, ẹnì kan là, ẹnì kan sọnù. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n dáwọ́ wíwá Hollis Zinck dúró. Oṣù Karùn-ún, ìgbìmọ̀ ìwádìí parí iṣẹ́: Hollis Zinck sùn lọ nídìí pọ́ọ̀ǹpù tó yẹ kó fi máa fa omi jáde nínú ọkọ̀. Orúkọ akọ̀ròyìn tó kọ ìyẹn wà lábẹ́ rẹ̀, Verna Rafuse. Oṣù Kẹsàn-án, Aubrey Wentzell gba ọkọ̀ tuntun. Oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, fọ́tò ìgbéyàwó Aubrey Wentzell àti Verna Rafuse. Lẹ́yìn ìyẹn, Wentzell di alága èbúté.

Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ la ti tẹ̀ jáde rí, àmọ́ nígbà náà, ojú ọjọ́, ìkéde òkú àti ìpolówó bàtà òjò wà láàárín wọn. Ẹ̀rọ ti kó gbogbo ìyẹn kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù dà bí ẹ̀sùn tí agbẹjọ́rò tò síwájú adájọ́. Ọkùnrin kan ri ọkọ̀, ọmọbìnrin kan bá a di ẹ̀bi ru òkú, ọkùnrin náà sì fẹ́ ọmọbìnrin náà. Èmi tí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ rí lójú mi.

Roslyn ti jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń mu kọfí. Mi ò kí i.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ kì í dá sọ̀rọ̀. Ìwọ lo sọ fún mi pé ó di ìgbà tí àwọn èèyàn bá wá ọ̀rọ̀ kan tó ogójì ìgbà."

"Igba ó lé mọ́kànlá ni ti èyí."

"Igba ìgbà, lọ́sẹ̀ kan, nílùú tí èèyàn inú rẹ̀ ò pé ẹgbẹ̀rún méjì. Ta ló jókòó síbì kan tó ń wá ọkọ mi ní igba ìgbà?"

Ó gbójú sókè. "Verna, ẹ kúkú bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ bèèrè."

"Ṣé ìwọ ni?"

"Rárá."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

Ó gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Màmá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Tẹlifíṣọ̀n gan-an, èmi ni mò ń bá wọn yí i."

"Yọ ojú-ewé yẹn kúrò."

"Mo lè yọ ọ́ báyìí. Àwọn èèyàn ti rí i. Tí mo bá yọ ọ́, wọ́n á ní ìyàwó Ọ̀gákọ̀ ló ní kí n yọ ọ́. Ẹ̀yin ni olóòtú. Ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, màá ṣe é."

Mi ò lè tún un sọ. Ó mọ̀ pé mi ò ní lè tún un sọ, ìyẹn náà sì bí mi nínú. Mo ní kó wá ìwé àkọsílẹ̀ tó ń fi hàn ibi tí ìwákiri kọ̀ọ̀kan ti wá. Ó ní iléeṣẹ́ tó gba ẹ̀rọ wa sọ́dọ̀ ní Halifax ló ní in lọ́wọ́, wọn ò sì ní fi ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ jìnnà lójú mi. Mo rò ó pé ó fẹ́ ráyè pa ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́ ni.

Lọ́sàn-án, mo lọ sílé. Aubrey wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń hun àwọ̀n ẹnu pàkúté edé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kì í lọ sójú òkun mọ́, àmọ́ ó máa ń bá àwọn apẹja hun ún.

"Murdena ti pè mí," ó wí.

"Ó pe gbogbo ìlú ni."

"Delphine ni." Kò gbójú sókè. "Òun ló ń wá a."

"Ọmọ rẹ̀ ní kò mọ kọ̀ǹpútà í lò."

"Ta ló tún lè jẹ́? Ta ló máa wá a ní igba ìgbà, tí kì í bá ṣe ẹni tó ti mọ̀?"

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹni tó ti mọ kí ni, Aubrey?"

Okùn yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún un mú, ó wá ibi tó bá a dé, kò rí i. Ọkùnrin tó lè hun àwọ̀n yẹn nínú òkùnkùn. "Ẹni tó rò pé òun mọ nǹkan kan," ló sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó bi mí bóyá ọbẹ̀ ẹja àná ṣẹ́ kù.

Mo gbé ọbẹ̀ náà kaná fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́ rẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Láti ìgbà yẹn, nǹkan méjì ni mò ń ṣọ́: mò ń ṣọ́ Roslyn lọ́fíìsì, mo sì ń ṣọ́ ọkọ mi nílé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ mú lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ dákẹ́ bí mo ṣe wọlé. Murdena nìkan ni kò lè dákẹ́.

"Wọ́n ní ọmọ Zinck ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síbẹ̀," ó wí. "Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí mo gbọ́ ni mò ń sọ."

"Ta lo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

"Ṣé èèyàn ń rántí ìyẹn ni? Àwọn mìíràn ní ìwọ lo mọ̀ ọ́n mọ̀ gbé e síbẹ̀, pé ìwọ àti Ọ̀gákọ̀ ń jà."

"Murdena, ọ̀nà wo ni mo fi máa gbé fọ́tò ìgbéyàwó tèmi síbẹ̀ láti fi bú ara mi?"

"Ohun tí èmi náà sọ fún wọn nìyẹn. Mo ní aṣọ tí Verna wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò lè fẹ́ káyé tún rí i." Ó na lẹ́tà mi sí mi, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí káńtà díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. "Àbí kí ló dé tí Hollis fi sùn, ná? Àbúrò ìyá mi bá a ṣiṣẹ́ ọdún méje lójú omi. Ó ní òun ò rí i kó tòògbé rí."

Mo mú lẹ́tà mi, mo jáde. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ìlú wa ti ń sọ pé Hollis Zinck sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè ìdí rẹ̀ nìyẹn, ó sì dùn mí pé kì í ṣe èmi tí mo jẹ́ akọ̀ròyìn ló bèèrè.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn ti jáde tán, mo wa ọkọ̀ lọ sílé Delphine. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sẹ́nu: màá ní tó bá ní nǹkan kan sínú sí ìdílé mi, kó wá sọ ọ́ lójúkojú. Ilé rẹ̀ wà ní òpin ọ̀nà tó lọ sí ilé iná etíkun tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, ilé pákó aláwọ̀ ewé kan. Nígbà tí mo yà sọ́nà náà, mo rí ọkọ̀ akẹ́rù Aubrey níwájú ilé.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì jókòó síbẹ̀. Kò tí ì dé ilé yẹn láti ọjọ́ ìsìn ìrántí Hollis. Ohun burúkú oríṣiríṣi ló wá sí mi lọ́kàn, tí ojú ń tì mí láti sọ báyìí. Mo rò pé ó lọ halẹ̀ mọ́ obìnrin náà. Mo rò pé àwọn méjèèjì ti ń pàdé tipẹ́. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ló ń wá orúkọ ara rẹ̀, mi ò mọ ìdí. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura, kò sí ibi tí kò ní fọwọ́ tọ́.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó jáde. Ó rí ọkọ̀ mi. Ó rìn wá, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí orúnkún.

"Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀," ó wí. "Mo ní ojú-ewé yẹn ńkọ́, ó ní, 'Ojú-ewé wo?' Mo sì ti sọ gbogbo ẹ̀ tán nígbà náà."

"Gbogbo kí ni?"

Iwájú ló ń wò tó fi sọ ọ́. Ó ní Hollis kò sùn. Ó ní bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ́jọ́ náà, Hollis wá bá òun nídìí ọkọ̀, ó ní pọ́ọ̀ǹpù ti dí, omi ń wọlé, káwọn padà sílé. Òun ní káwọn ju àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn wákàtí kan, Hollis tún wá. Òun sì sọ fún un pé tí ẹ̀rù bá ń bà á, kó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń gé ẹja nílé iṣẹ́ ẹja. Hollis padà sídìí pọ́ọ̀ǹpù, ó ń fi ọwọ́ gbọ́n omi. Ìgbà tí ọkọ̀ dojú dé, Hollis ló ju okùn ọkọ̀ rọ́bà ìgbàlà sí Aubrey lọ́wọ́ kí ìgbì tó gbé e lọ.

"Nígbà tí wọ́n bi mí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, mo ní ó ti ní láti jẹ́ pé ó sùn. Mo rò pé wọ́n á tún bi mí. Wọn ò tún bi mí."

"Kí ni Delphine sọ?"

"Ó ti bu tíì fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé e kúrò níwájú mi, ó dà á sínú síǹkì. Ó ní, 'Kí lo fẹ́ kí n fi èyí ṣe báyìí, Aubrey? Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé kan ni mí.' Mo bá dìde."

Mo ní kó lọ wa ọkọ̀ rẹ̀ sílé. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ àjèjì.

Lọ́jọ́bọ̀, Roslyn ti dé ọ́fíìsì kí n tó dé. Ojú rẹ̀ wú. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀ tó kún fún àwọn nọ́ńbà.

"Ẹ jókòó," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti iṣẹ́."

Mo jókòó.

"Kò sí ènìyàn kankan tó wá ọkọ yín. Ẹ wò ó. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èèyàn ò lè tẹ nǹkan báyìí láìdìde lọ mu omi. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń báni wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní àwọn ẹ̀rọ kan tó ń lọ káàkiri, tó ń ka gbogbo ìkànnì ayé. Ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Nísàlẹ̀ ìròyìn àtijọ́ kọ̀ọ̀kan, mo fi ibì kan síbẹ̀ tí wọ́n lè tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ rí irú rẹ̀ sí i, ẹ̀rọ wa á sì wá àwọn orúkọ inú rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rọ yẹn tẹ ti ìròyìn Marion Dee. Ìyẹn gbé e padà síbẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń yí lójú kan títí ó fi sú u. Ẹ̀rọ tiwa sì ń kà á bí ẹni pé àwọn ará ìlú ni. Àṣìṣe mi ni. Ó yẹ kí n ti ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣe é báyìí."

"Kò sí ẹnikẹ́ni," ni mo wí.

"Kò sí ẹnikẹ́ni."

Ó ká ìwé náà. "Ó tán. Èyí tí kì í ṣe ti iṣẹ́ ló kù. Màmá mi sọ fún mi lánàá."

"Roslyn, mo..."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, àwọn ọmọ á máa hanrun. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ gan-an máa ń rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí mo dé Toronto, mo sọ fún gbogbo èèyàn pé jẹjẹrẹ ló pa bàbá mi, torí mi ò lè sọ pé ó sùn." Ó wò mí. "Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ sì fẹ́ Ọ̀gákọ̀."

"Mi ò mọ̀, Roslyn."

Ó wò mí pẹ́, bí ẹni tó ń wo ẹja tí wọ́n ní àná ni wọ́n pa á. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́. Mi ò sì ní ẹnu tí mo fi lè bínú, torí lọ́jọ́ Ajé, nínú yàrá yẹn kan náà, òun náà wí fún mi pé òun kọ́, mi ò gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Delphine fúnra rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn, ó sì kọ̀ kí ọmọ rẹ̀ di òun mú lórí àtẹ̀gùn. Ó jókòó láìbọ́ kóòtù rẹ̀.

"Màá fẹ́ kí ó jáde nínú ìwé ìròyìn," ó wí. "Kì í ṣe nínú àpótí kékeré tí ẹ fi ń tọrọ gáfárà tí ẹ bá ṣi orúkọ ènìyàn kọ. Ojú-ewé iwájú ni. Ìwọ ni kí o kọ ọ́, Verna. Ìwọ lo kọ ti ìṣáájú."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ohun tí Aubrey bá yín sọ síbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Ti àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ ẹja pàápàá. Èmi wà lára àwọn obìnrin yẹn."

"Ojú-ewé ti orí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Roslyn lè yọ ọ́ lónìí."

"Mi ò rí i rí, mi ò sì bìkítà fún un. Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín."

Roslyn yọ ọ́ kó tó di ọ̀sán.

Mo tilẹ̀kùn mọ́ra láti kọ ọ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, mo wá àwọn ìwé kékeré tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1991. Wọ́n ṣì wà nínú páálí, èyí tí mo lò lójú ìgbìmọ̀ sì wà láàárín wọn. Ọwọ́ ara mi ni mo kà níbẹ̀: "Wentzell ní ó ti ní láti jẹ́ pé Zinck sùn." Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a tẹ̀ jáde: "Zinck sùn lọ nídìí pọ́ọ̀ǹpù." Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Olóòtú ìgbà náà ní àkọlé ti gùn jù, pé kò ní wọ òpó kan ṣoṣo lójú ìwé. Èmi ni mo gé e. Kò sẹ́ni tó ní kí n gé "Wentzell ní ó ti ní láti jẹ́ pé" kúrò. Ibẹ̀ ló rọrùn jù láti gé.

Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan fura sí obìnrin kan, sí ìyá rẹ̀, àti sí ọkọ mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá láti yẹ ara mi wò.

Ohun tí mo kọ kò gùn. Mo ní lọ́dún 1991, ìwé ìròyìn yìí kọ ọ́ pé Hollis Zinck sùn nídìí pọ́ọ̀ǹpù. Mo ní kò sùn. Mo kọ ohun tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fi dá a lóhùn, mo sì kọ ẹni tó ju okùn. Lẹ́yìn ìyẹn mo kọ ọ́ pé Aubrey Wentzell tó jẹ́ ọ̀gákọ̀ ló jẹ́wọ́ èyí fún opó Hollis, àti pé akọ̀ròyìn tó kọ ti ìgbà náà yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò tí kò yẹ kó yọ, òun náà ló ń kọ èyí. Mo fi orúkọ mi méjèèjì sí i, Rafuse àti Wentzell.

Mo gbé e lọ fún Aubrey kó kà á kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró.

"Bẹ́ẹ̀ ló rí," ó wí. "Màá kọ̀wé fi ipò alága sílẹ̀ lọ́la."

"Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́."

"Bi mí."

"Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn tèmi jáde lọ́dún náà lọ́hùn-ún, o gbé ẹja wá fún mi lọ́fíìsì. Mi ò mọ̀ ọ́ rí ju bí mo ṣe rí ọ níwájú ìgbìmọ̀ lọ. Kí ló dé tí o gbé e wá?"

Ó fi ìwé náà lélẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí rẹ̀.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o fura," ó wí.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí i pé o ò fura. Mo sì fẹ́ máa wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò fura sí mi."

Mo mú ìwé náà, mo gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ó sì jáde lọ́jọ́rú bí Delphine ṣe fẹ́, lójú-ewé iwájú, òkè pátápátá.

Àwọn kan ò kí Aubrey mọ́ ní èbúté. Àwọn mìíràn kí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn sì dùn ún ju ti àwọn tí kò kí i. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n ka orúkọ Hollis ní ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé ọjọ́ ìrántí rẹ̀ ni. Delphine wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ń retí kí wọ́n tún un kà.

Roslyn ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo rò pé á fi í sílẹ̀, mo tilẹ̀ ti ń wo ìwé àwọn tó lè rọ́pò rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ó rí i lórí tábìlì mi, ó ní ẹni kejì nínú wọn kò mọ iṣẹ́. A ń sọ̀rọ̀ báyìí, ti iṣẹ́ nìkan. Nígbà mìíràn tí mo bá gbójú sókè, màá bá a tó ń wò mí, mo sì mọ̀ pé kò tí ì dáhùn ìbéèrè tó bi mí yẹn, bóyá mo mọ̀, fún ara rẹ̀.

Yàrá tó kọjú sí òkun ni mo kó lọ, Aubrey ṣì wà nínú èyí tí a jọ ń sùn. A jọ ń jẹun. Nínú oṣù Karùn-ún, mo bá a tó jókòó sí tábìlì ìdáná pẹ̀lú abọ́ ẹja sísè méjì, ó ti bu tèmi. Mo bi í ibi tó ti rí ẹja náà, ta ló tà á fún un, àti ìgbà tó lọ. Ó dá mi lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìbínú. Mo jókòó, mo sì jẹ ẹ́.